Ìjímèrè, Àwẹ̀ró àti Òdòdó Abẹ́ Ààlè

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

"Mo ní àlọ́ o! Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn òpó yẹn, ṣé ẹ ti sùn ni?"

"Àlọ̀ o!"

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ súnmọ́ra yín. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹsẹ̀ ta ewé gbígbẹ níbẹ̀ yẹn, torí àlọ́ tí mo mú wá lálẹ́ yìí kò fẹ́ràn kí ewé gbígbẹ máa dún. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó wọ́ lọ, ó wọ́ bọ̀, ó dá lórí Ìjímèrè, ó dá lórí Àwẹ̀ró aya rẹ̀, ó sì dá lórí ìdì òdòdó kan tí kò yẹ kó wọ ilé ẹnikẹ́ni.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko ń gbé pọ̀ nínú ìlú kan. Omi kan ṣoṣo ni kì í gbẹ níbẹ̀, Ìṣun ni wọ́n ń pè é. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, tí gbogbo odò bá gbẹ, gbogbo ìlú á dà sórí Ìṣun. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bu omi, omi tó mọ́ gaara ni yóò bù. Ẹni tó bá kẹ́yìn, ẹrẹ̀ ni yóò gbé lọ sílé.

Ta ni yóò wá kọ́kọ́ bù ú? Ìyá Erin, arúgbó tó ń ṣọ́ Ìṣun, ló ń yàn án. Bí òjò bá ti ń parí lọ, tí igbó bá tanná, onílé kọ̀ọ̀kan á lọ já òdòdó nínú igbó. Wọ́n á tò ó sínú ìkòkò àti igbá, wọ́n á gbé e sí ẹnu ọ̀nà àti inú yàrá. Ìyá Erin á wá máa wọ ilé kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ má bi mí bí erin ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Àlọ́ ni. Ilé tí òdòdó rẹ̀ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn jù ni yóò máa kọ́kọ́ bu omi títí òjò yóò fi tún rọ̀. Àwọn àgbà ìlú mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ bí a ti í já òdòdó láì tú igbó sí ìhòòhò, onítọ̀hún kò ní bu omi kó gbàgbé àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá rí òdòdó tó wù ú, tí kò tíì ráyè já a, ó lè so ààlè mọ́ ọn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ ààlè? Ẹ ò rí àkísà tí Bàbá Lágbàyí so mọ́ igi ìdáná rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà oko? Ẹ ò rí àjákù ìgbálẹ̀ àti ìkarahun ìgbín tó wà lára igi ọsàn ìyá Fólúkẹ́mi? Òun náà nìyẹn. Ó ń sọ fún ẹni tó ń kọjá pé, "Mo ní olúwa. Bí o bá fọwọ́ kàn mí, ohun tí ojú rẹ bá rí, fara mọ́ ọn." Àkísà lásán ni, ṣùgbọ́n èwo nínú yín ló tó bẹ́ẹ̀ kó mú ẹyọ igi kan níbẹ̀?

Ìjímèrè kò lágbára iṣẹ́, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ló ní. Ní ọdún tó ṣáájú, ó sùn títí ọjọ́ òdòdó fi kọjá lórí rẹ̀, ilé rẹ̀ ló sì kẹ́yìn ní Ìṣun. Ẹrẹ̀ ni wọ́n mu. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní mu ún, inú ọmọ náà wú, ó sì kú mọ́ Àwẹ̀ró lọ́wọ́. Nígbà tí Àwẹ̀ró tún bí òmíràn, Dúrójayé ló sọ ọ́. Kì í gbé e sílẹ̀. Bí ọmọ náà bá sùn, á gbé etí lé e láyà, á gbọ́ bóyá ó ń mí. Nígbà tí òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun ìyá ọmọ yìí mọ́. Ẹ̀rù ń bà á. Bí ó bá ti rí ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni, á fa ọmọ mọ́ra.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìjímèrè pè é.

"Àwẹ̀ró, mú ògbólógbòó ìró rẹ pupa yẹn wá."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Bàbá Dúrójayé?"

"Ṣé o fẹ́ kí ọmọ yìí mu ẹrẹ̀ ni?"

Àwẹ̀ró lọ mú aṣọ wá. Ìjímèrè fà á ya, ó tún fà á ya, ó sọ ọ́ di tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́.

Ó ní, "Ààlè ni mo fẹ́ fi so. Gbogbo òdòdó inú igbó yìí pátá ni màá so ó mọ́. Ta ló máa fọwọ́ kàn án? Bí gbogbo wọn bá ti sá délé, màá rọra lọ já a. Ilé wa nìkan ni Ìyá Erin yóò ti rí òdòdó lọ́dún yìí."

"Ẹ jọ̀ọ́, a kì í fi ààlè ṣeré. Kí ẹnìkan so ààlè mọ́ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀..."

"Olè ni ààlè ń bá jà. Èmi tí mo so ó, èmi ha ni olè bí?"

Àwẹ̀ró mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wọ́. Ó yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mí ìmí kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀, ó rántí èyí tí kò mí mọ́, ó sì dákẹ́. Mo fẹ́ràn obìnrin náà, ṣùgbọ́n n kò ní bò ó fún yín. Ó mọ̀, ó sì dákẹ́.

Ìjímèrè wọ igbó. Ibi tó bá dé, á so àkísà. Nígbà tí àkísà tán, ó so ìkarahun ìgbín. Nígbà tí ìkarahun tán, ó so èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Ó so, ó so, ó di bárakú fún ọwọ́ rẹ̀.

Ìgbà tó di ọ̀sán, Àwẹ̀ró ń gbálẹ̀ níwájú ilé nígbà tí Etu àti Ọ̀kẹ́rẹ́ ti igbó dé, apẹ̀rẹ̀ wọn ṣófo.

Etu ní, "Ìyá Dúrójayé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má dé igbó o! Mo fẹ́ já yúnyun, mo rí ààlè. Mo dé odò, òṣíbàtà tó wà lójú omi, ààlè ni. Kódà ìmí-eṣú tí ẹnikẹ́ni kì í wò lẹ́ẹ̀mejì, ààlè wà lọ́rùn rẹ̀!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń wo ẹ̀yìn wò. "Ta ló lè ní gbogbo igbó? Ẹ dá mi lóhùn. Ohun tó ni gbogbo igbó, èmi kò fẹ́ bá a pàdé. Mo ń lọ ti ilẹ̀kùn mi."

Ìjímèrè bá yọ jáde láti inú ilé, ó ń mi orí bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o, ẹ̀yin ará mi! Ààlè kì í mọ ọmọlúwàbí. Ìbẹ̀rù ejò ni kì í jẹ́ kí a tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀."

"Òótọ́ ni, òótọ́ ni," wọ́n dáhùn, wọ́n sì yára kọjá.

Ojo mú gbogbo ìlú. Àwọn ọmọdé kò ṣeré níta mọ́. Bí ẹ̀ka kan bá ṣẹ́ nínú igbó, gbogbo ilẹ̀kùn á dún gbà! Àwẹ̀ró nìkan ló mọ̀ pé aṣọ òun ni wọ́n ń sá fún, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó yani lẹ́nu: ẹ̀rù ń ba òun náà.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Ìjímèrè gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó já yúnyun tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó wọ́ òṣíbàtà kúrò lójú omi. Ó gun igi orúrù, ó gbọn òdòdó pupa rẹ̀ sílẹ̀ tán. Kò ṣẹ́ ọ̀kan kù fún oyin, kò ṣẹ́ ọ̀kan kù tí yóò so èso. Bó bá dé ìdí àkísà rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìwọ àkísà, o kú iṣẹ́," á sì já a sọnù.

Àwẹ̀ró ń tò ó nílé. Ẹ jẹ́ kí n sọ tòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tó ga á wà lẹ́yìn, èyí tó kúrú á wà níwájú. Á já ewé ìdí rẹ̀ kúrò, torí ewé tó bá wọ inú omi á rà, omi á sì rùn. Ó kó pupa sínú ìkòkò dúdú, ó kó funfun sínú igbá. Iṣẹ́ náà ń fẹ́ ọwọ́ méjèèjì àti ìlóṣòó sí ìdí ìkòkò. Ọmọ ń fà á lẹ́yìn. Ló bá tú ọ̀já, ó tẹ́ ẹní, ó sì tẹ́ Dúrójayé sílẹ̀. Láti ìgbà tó ti bí i, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Oòrùn ti dé àtàrí nígbà tí Ìjímèrè gbé apẹ̀rẹ̀ tó kẹ́yìn wọlé, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Òdòdó funfun kéékèèké ló kún inú rẹ̀, tewé-tewé, tilẹ̀-tilẹ̀.

"Ìdí igi orúrù ni mo ti hú èyí," ó ní. "N kò tiẹ̀ rántí pé mo so ààlè síbẹ̀, àfi bí mo ṣe bá a níbẹ̀."

Ọwọ́ Àwẹ̀ró dúró lórí igbá. "Ẹ ò rántí?"

"Ta ló ń rántí gbogbo wọn? Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Òun rèé. Mo mú un bọ̀."

Ó jù ú sí i. Àwẹ̀ró gbá a mú. Ó fúyẹ́ jù. Ó gbẹ, ó ń dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sójú oòrùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó rí àwọn ìlà kéékèèké tó tò léra wọn láti òkè délẹ̀.

"Bàbá Dúrójayé," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sùn lọ, "ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ní ìpẹ́."

Ewé tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ mira. Ó dúró. Ó tún mira. Wọ́n bá gbọ́ orin kan lọ́nà igbó, ó jìnnà, ó sì lọ́ra. Ẹ gbè é fún mi, ṣùgbọ́n ẹ rọra gbè é:

*Ta ló já òdòdó orí ọmọ mi?*
*Wọ̀rọ̀wọ́, ó ń bọ̀.*
*Mo so ààlè kí n tó jáde nílé,*
*Wọ̀rọ̀wọ́, ó ń bọ̀.*
*Oúnjẹ ni mo wá lọ, mo dé, n kò bọ́mọ,*
*Wọ̀rọ̀wọ́, ó ń bọ̀.*
*Ẹni tó kó wọn, kó má tíì sùn o,*
*Wọ̀rọ̀wọ́, ó ń bọ̀.*

"Afẹ́fẹ́ ni," Ìjímèrè ní.

"Afẹ́fẹ́ kì í kọrin."

Orin náà dé ìdí ọgbà. Ó dé ẹ̀yìn ògiri. Ó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn burú ju orin lọ.

"Ẹ kú ilé o," ohùn kan wí lẹ́nu ọ̀nà.

Paramọ́lẹ̀ ni. Ó nípọn bí ọmọ odó, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ewé gbígbẹ. Ó wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ká ara rẹ̀ jọ sí ẹnu ọ̀nà. Paramọ́lẹ̀ kì í kánjú. Kí ló fẹ́ lé tí yóò máa sáré?

"Mo so ààlè sí ìdí orúrù," ó ní. "Awọ ara mi ni mo fi so ó. Mo tẹ́ àwọn ọmọ mi sábẹ́ òdòdó. Mo dé, n kò bá ààlè, n kò bá òdòdó, n kò bá ọmọ. Ta ló wá síbẹ̀?"

Ó yẹ kí Ìjímèrè dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí òun bá gbà pé ààlè ẹlòmíràn ni òun já, olè ni òun, ààlè yóò sì bá òun jà. Ló bá na àyà.

"Ààlè yín kẹ̀? Ìyá, èmi ni mo so gbogbo ààlè inú igbó yìí. Ti ìdí orúrù náà, èmi ni. Ẹ bi ìyàwó mi!"

"Ìwọ lo so ó?"

"Èmi ni! Tèmi ni!"

"Ó dáa," Paramọ́lẹ̀ dáhùn. "Ẹni tó ni ààlè ló ni ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Fi ọwọ́ rẹ kó wọn kí n rí i."

Ìgbà náà ni wọ́n wo inú ilé. Ọmọ ejò kan ń yọ orí láàárín òdòdó pupa. Òmíràn ti wé mọ́ etí igbá. Òmíràn ń wọ́ lọ lábẹ́ àwọn ewé tí Àwẹ̀ró já sọnù. Ọ̀kan sì ti ká jọ sórí ikùn Dúrójayé, ibi tó móoru. Kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ. Kí ìyẹn má tàn yín jẹ o, ẹ̀yin ọmọ. Oró ọmọ paramọ́lẹ̀, láti inú ìyá rẹ̀ ló ti ń gbé e bọ̀.

Ìjímèrè ló súnmọ́ ẹní jù. Bí ó bá na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ á bà á.

"Bàbá Dúrójayé," Àwẹ̀ró bẹ̀ ẹ́, omi ti bo ojú rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ọmọ."

Ìjímèrè wo ọmọ. Ó wo fèrèsé. Ó gba orí ọmọ rẹ̀ fò kọjá, ó jáde lójú fèrèsé, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi ẹ̀ka igi tó ń já, tó ń jìnnà lọ.

Ó ku ìyá méjì nínú ilé.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò jẹ́ kí eékún rẹ̀ dún nílẹ̀.

"Irọ́ ló pa, ìyá," ó ní. "Ti yín kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn yòókù ló so. Aṣọ mi ló sì fi so ó. Mo mọ̀, mo dákẹ́."

"Èé ṣe tí o fi dákẹ́?"

"Mo ti sin ọ̀kan nítorí omi ẹrẹ̀. Ẹ̀rù bà mí."

Paramọ́lẹ̀ tẹjú mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ kì í ṣẹ́. Nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrù lu ilẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Èyí tó wà nínú ìkòkò sọ̀kalẹ̀. Èyí tó wà létí igbá tú ara rẹ̀, èyí tó wà lábẹ́ ewé wọ́ lọ bá ìyá rẹ̀. Ó wá ku ti orí ikùn ọmọ. Òun náà gbé orí, ó fẹ́ máa lọ. Àfi gbà! Dúrójayé la ojú, ó rí ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń rìn, ó sì fi ọwọ́ gbá a mú.

Àwẹ̀ró kò kígbe. Bó bá kígbe, ọmọ yóò fún un pọ̀. Ó rá lọ, ó mú ìka ọmọ náà, ó ń ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ti wà níwájú ẹnu ọmọ ejò. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ń kùn ún lórin bí a ti ń rẹ ọmọ, "Ó tó, ọmọ mi, jọ̀wọ́ rẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ni," omijé ń kán sórí ẹní. Nígbà tí ìka tó kẹ́yìn ṣí, ọmọ ejò náà gba orí ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ó tutù, ó sì lọ.

"Ọmọ mi pé," Paramọ́lẹ̀ wí. "Ọmọ rẹ náà pé. Bí o bá tún rí irọ́ nílé rẹ, má tẹ́ ọmọ rẹ tì í." Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde.

Àwẹ̀ró gbé Dúrójayé, ó gbé etí lé e láyà. Ó ń mí. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún débi tí òdòdó gbogbo fi ń mì yíká rẹ̀. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó ti dé ilé ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ òdòdó pé. Ìyá Erin ti gba inú igbó kọjá kó tó wọ ìlú. Ó rí ẹ̀ka tó ṣófo. Ó rí oyin tó ń fò kiri, tí kò ríbi bà lé. Bó ṣe dé àárín ìlú, wọ́n gbọ́ ohùn kan lókè igi.

"Ìyá Erin! Ilé mi nìkan ni òdòdó wà! Ẹ wọlé, kí ẹ wò ó!" Ìjímèrè ni.

"Sọ̀kalẹ̀ kí o mú wa wọlé," Ìyá Erin dáhùn.

Ìjímèrè wo ilẹ̀. Ewé gbígbẹ ló kún ìdí igi. Afẹ́fẹ́ gbé ọ̀kan. Ó dì mọ́ ẹ̀ka, kò lè sọ̀kalẹ̀.

Àwẹ̀ró bá jáde síwájú gbogbo ìlú, ó rò ó bó ṣe rí, kò yọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ariwo sọ. Etu ń ṣépè, Ọ̀kẹ́rẹ́ ń fò sókè. Ìyá Erin gbé ọwọ́jà rẹ̀ sókè, gbogbo wọn dákẹ́.

"Gbogbo ilé ni yóò jọ bu omi lọ́dún yìí," ó ní. "Ilé Ìjímèrè ni yóò kẹ́yìn. Ìwọ obìnrin yìí, gbogbo ààlè tó ṣẹ́kù nínú igbó, ìwọ ni yóò tú u."

"Màá tú u, ìyá. Ṣùgbọ́n ilé Ìjímèrè, Ìjímèrè nìkan ló wà níbẹ̀. Èmi àti ọmọ mi ti kó jáde."

Ìyá Erin sọ ọwọ́jà rẹ̀ kalẹ̀. "Ó yẹ bẹ́ẹ̀," ó ní.

Òùngbẹ ló mú Ìjímèrè sọ̀kalẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ó mu ẹrẹ̀. Bó ṣe ń nu ẹnu, Àwẹ̀ró ń kọjá lọ ti òun ti ọmọ. Ojú ti Ìjímèrè, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́.

"Dúrójayé, wá gun ẹ̀yìn bàbá rẹ."

Ọmọ náà wo ọwọ́ ọ̀hún. Ó yí ojú padà, ó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dì mọ́ ikùn ìyá rẹ̀ gbágbáágbá. Láti ọjọ́ náà ni. Bí ìjímèrè bá ń kọjá lójú ọ̀nà oko, ẹ wò wọ́n dáadáa. Ikùn ìyá ni ọmọ wọn ń dì mọ́. Kì í gun ẹ̀yìn bàbá.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó kọ́ wa pé ẹni tó bá ń fi irọ́ dẹ́rù ba ará ìlú, ọjọ́ tí ẹ̀rù òtítọ́ bá dé, kò ní dá a mọ̀, yóò fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wọlé. Ó sì kọ́ àwa tí a máa ń mọ̀, tí a sì máa ń dákẹ́, pé inú ilé kan náà ni a jọ wà. Bí mo bá parọ́ mọ́ Ìjímèrè, kó wá bi mí níbí. Iná ti ń kú lọ. Ẹ̀yin bàbá, ẹ dìde, kí ẹ gbé àwọn ọmọ tó ti sùn wọlé.